Níbo lowó Róòmù wọlẹ̀ sí lọ́dún 33?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Tíṣà Economics ni mí, SS2 ni mò ń kọ́. Mo sọ fáwọn ọmọ pé lọ́dún 33 lẹ́yìn Kristi owó dédé wọ́n ní Róòmù, àwọn tó ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ ò rí owó san gbèsè, ni ọmọ kan bá ní "tíṣà, ṣé iná ló jó owó yẹn ni?" Mi ò rí nǹkan gidi sọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ táá fi yé wọn, kí ló sì dé tí ọba ò kàn rọ owó tuntun?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ tíṣà. Ọmọ yẹn gbọ́n o, ìbéèrè ẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń yáni lówó ní báńkì, owó ò dìgbà tó bá jóná kó tó pòórá lọ́jà.

Ẹ kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún wọn. Tiberius ló wà lórí oyè, òun ni Bíbélì pè ní Tíbéríù Késárì nínú Lúùkù orí 3, wọ́n á ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Julius Caesar ti ṣòfin kan tipẹ́ lórí yíyáni lówó èlé àti níní ilẹ̀ ní Ítálì, àmọ́ kò sẹ́ni tó kà á sí mọ́. Ni àwọn kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹjọ́ àwọn olówó èlé sùn, ẹjọ́ pọ̀ débi pé Gracchus tó ń gbọ́ ọ gbé e lọ sí Sẹ́nétì, jìnnìjìnnì wá bo àwọn sẹ́nétọ̀ torí kò sí èyí tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ nínú wọn, wọ́n bẹ ọba, ó fún wọn ní oṣù 18 kí kálukú lọ tún ìwé ẹ̀ ṣe.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Olówó tó fẹ́ tún ìwé ẹ̀ ṣe, ọ̀dọ̀ onígbèsè ló máa kọ́kọ́ gbà lọ, gbogbo wọn bá di òṣómàáló lẹ́ẹ̀kan náà. Sẹ́nétì ní kí wọ́n fi ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tí wọ́n fi ń yáni ra ilẹ̀ ní Ítálì, ṣùgbọ́n gbogbo owó wọn pátá làwọn olówó ní káwọn onígbèsè san, wọ́n gbà á, wọ́n dì í mú, wọ́n ń retí kílẹ̀ di pọ́ọ́kú. Kó tó dìgbà yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n pa Sejanus, olórí ẹ̀ṣọ́ ọba, lọ́dún 31, wọ́n ti ta dúkìá ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n dá lẹ́bi, owó fàdákà wọn sì jókòó sápò ìjọba. Torí náà ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé iná kọ́, ibi méjì lowó sá sí, àpótí ìjọba àti àpótí àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀.

Ká ní bàbá kan lóko tó tó 100,000 sẹ́sításì, ìyẹn owó Róòmù, ó jẹ gbèsè 60,000. Olówó nìyẹn. Àmọ́ gbogbo àdúgbò ń ta oko lọ́sẹ̀ kan náà, ẹni tówó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ń wò wọ́n níran, oko já sí 45,000. Ó tà á, ó san án, 15,000 ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, kò sì lóko mọ́. Bẹ́ẹ̀ oko yẹn ò yí padà o, àjàrà tó ń so lánàá náà ló ń so lónìí. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ ti jókòó síwájú mi rí, ojú ẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi.

Tiberius wá gbé 100 mílíọ̀nù sẹ́sításì jáde, ó ní kí wọ́n yá a fáwọn èèyàn ní báńkì. Owó sójà kan lọ́dún nígbà yẹn 900 ni, owó yẹn á san ti sójà tó lé ní 110,000 fún odindi ọdún kan. Kò gba èlé rárá fún ọdún 3, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ yá 20,000 gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ tó tó 40,000 dúró. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ tẹnu mọ́ jù. Bàbá wa tó lóko ò nílò kó tà á lọ́jọ́ burúkú mọ́, ó ti ráyè mí. Díẹ̀díẹ̀ àwọn olówó náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yáni, òfin pé kí wọ́n ra ilẹ̀ sì kú sórí ìwé.

Ní ti rírọ owó tuntun, fàdákà ò tán nílẹ̀, ṣe ni wọ́n tì í mọ́lé. Ẹni tó fọwọ́ kan owó gan-an ni ọba Nero lọ́dún 64, ìwọ̀n fàdákà tí wọ́n fi ń rọ dẹ̀nárọ́ọ̀sì, owó fàdákà wọn, 84 ló fi rọ 96, ó tún da bàbà mọ́ ọn, àwọn ọba tó jẹ lẹ́yìn ẹ̀ sì ń bá a lọ. Ìyẹn á gba kíláàsì tiẹ̀.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ yin Tiberius jù o. Nígbà tó kú lọ́dún 37, Suetonius tó kọ ìtàn àwọn ọba Róòmù ní 2,700 mílíọ̀nù sẹ́sításì ló wà nílẹ̀, Caligula tó jọba lẹ́yìn ẹ̀ sì ná an tán kí ọdún tó yí po. Owó wà nílẹ̀ nígbà táwọn èèyàn ń pàdánù ilẹ̀ bàbá wọn, ó dùn mí gan-an.

Ní kíláàsì, ẹ kó ìdérí mínírà 20 wá. Ẹ fún ọmọ 2 ní 5-5 kí wọ́n yá ẹlẹgbẹ́ wọn, kí àwọn yẹn máa fi ra bírò lọ́wọ́ ara wọn, ẹ ti 10 tó kù mọ́ dúrọ́ọ̀ yín. Lẹ́yìn náà ẹ pàṣẹ pé kí olówó gba gbogbo owó ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 1, ẹ máa rí bí wọ́n ṣe máa fi bírò 3 gba ìdérí 1. Ẹ wá ṣí dúrọ́ọ̀, kẹ́ ẹ yá wọn ní 10 yẹn, kí kálukú fi bírò tó tó ìlọ́po méjì owó tó yá dúró lọ́wọ́ yín. Tí àsìkò bá ṣì wà, ẹ tún un ṣe láìgba bírò kankan dúró, kẹ́ ẹ ka ìdérí yín nígbà tí aago bá lù.