Ilẹ̀ dúdú apá Issaba: ohun tí ẹ máa ní kí lábò (ilé àyẹ̀wò ilẹ̀) wọ̀n

Ẹ̀gbọ́n wa ní Libreville, ẹ kú àjò o. Ẹ ní másọ̀n yín sọ pé ilẹ̀ tí ẹ rà ní apá Issaba, lójú ọ̀nà Kétu sí Pobè ní Benin, le bí òkúta, pé kò sí ohun tí à ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Oṣù wo ló lọ wò ó? Bó bá jẹ́ nínú ọyẹ́ ni, kò parọ́, ọkọ́ lè dá lé e lórí. Kó padà lọ lóṣù kẹfà, kó wá wá bàtà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Amọ̀ dúdú Lama, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ kan ní gúúsù Benin, nìyẹn: bó bá mumi, á wú, bó bá gbẹ, á sán.

Ohun méjì ni kí ẹ bèèrè: ẹrù tí ilẹ̀ náà lè gbé, àti bó ṣe ń wú tó. Ìkejì yìí ni wọ́n máa ń fò. Ọ̀pọ̀ "étude de sol" (àyẹ̀wò ilẹ̀) kò ju kí wọ́n máa gbá irin wọlẹ̀ lọ, irin yẹn kò sì mọ wíwú. Kí ẹ rí "gonflement à l'œdomètre" (ìdánwò wíwú nínú òrùka irin) nínú deví, ìwé tí wọ́n kọ iṣẹ́ àti iye owó rẹ̀ sí, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ gan-an ni bí wọ́n ṣe ń bu ilẹ̀. Èmi náà ti jẹ ìyà ẹ̀: ẹni tí mo rán kó tèmi sínú àpò sìmẹ́ǹtì, ó gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà. Kó tó dé lábò, ó ti di ẹbu. Odindi ṣíṣù ni wọ́n ń fẹ́. Kí wọ́n gbẹ́ kòtò méjì ó kéré tán, kí wọ́n gé amọ̀ náà láìfọ́ ọ, kí wọ́n fi ọ̀rá wé e, kí wọ́n yọ́ àbẹ́là lé e lórí kó má gbẹ sí i. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò kòtò pẹ̀lú tépù nínú ẹ̀. Oṣù kejì tàbí ìkẹta ló dáa jù, torí amọ̀ tó ti mumi yó kò ní wú mọ́ lójú yín.

Ní lábò, wọ́n á gé pẹlẹbẹ kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ní gíga, sínú òrùka irin, wọ́n á bomi sí i. Abẹ́rẹ́ tó wà lókè ẹ̀, tó ń fi bó ṣe ń wú hàn, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Wọ́n á máa kó ẹrù lé e títí á fi padà sí gíga tó ní tẹ́lẹ̀. Ẹrù yẹn ni agbára wíwú ẹ̀. Bó bá ju ẹrù tí ìpìlẹ̀ yín ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ, amọ̀ á gbé ògiri sókè. Ilé tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń jìyà ẹ̀ jù, torí ó fúyẹ́.

Ti ẹrù tí ilẹ̀ lè gbé, ọ̀pá amọ̀ kan ni wọ́n á tẹ̀ títí á fi fọ́. Èyí tó bá fọ́ láàárín 100 sí 200 kPa (kilopascal, ìwọ̀n bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ tó) ni wọ́n ń pè ní amọ̀ líle. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yẹn kún fún ojú sísán, èyí tí wọ́n gé kékeré sì lè má ní ọ̀kankan nínú. Ẹ má gba nọ́ńbà ńlá gbọ́ tán.

Bí deví bá dé, ẹ pa orúkọ àti owó rẹ́, kí ẹ gbé e síbí, a ó jọ kà á.