Wáìnì Pupa Faransé: Ẹ Má Dà Á Nù O

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Faransé ló wálé, ló bá fún wa ní ìgò wáìnì pupa méjì, Côtes du Rhône ni wọ́n kọ sára ẹ̀, ó ní òun làwọn èèyàn ibẹ̀ máa ń fi jẹun lójoojúmọ́. La bá ṣí ọ̀kan lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo se ìrẹsì àti àyàmáṣe, háà, ẹnu wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbiná! Ó ń ta, ó ń fa ahọ́n, baálé mi ní ó ti bàjẹ́ ni. Ṣé kí n da ìkejì tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìn nù ni? – Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dà á nù. Wáìnì yẹn ò bàjẹ́, àyàmáṣe yẹn ni ò bá a mu. Ọtí inú ẹ̀ sábà máa ń tó 13 sí 15 nínú 100, tí ọtí tó le báyẹn bá bá ata lẹ́nu, ńṣe ni ata á túbọ̀ máa jó ẹnu. Èyí tó ń fa ahọ́n yẹn, táníìnì ni wọ́n ń pè é, ara èèpo àti kóró èso àjàrà ló ti ń wá. Ẹ ṣáà mọ kajú wa níbí, téèyàn bá gé èso ẹ̀ jẹ, ó dùn o, àmọ́ kó tó pẹ́ ẹnu á ti gbẹ, ahọ́n á sún kì: táníìnì náà nìyẹn.

Ẹran àti ọ̀rá ló ń mú kí táníìnì rọ̀. Gúúsù Faransé, létí odò Rhône títí dé ìtòsí Avignon, ìlú táwọn póòpù fi ṣe ibùjókòó láti 1309 sí 1377, ni wọ́n ti ń ṣe wáìnì yìí, àtọdún 1937 lòfin sì ti de orúkọ Côtes du Rhône mọ́ agbègbè náà. Àjàrà Grenache ló sábà máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kó rọ̀ lọ́nà ọ̀fun, àjàrà Syrah ló ń gbé òórùn tó jọ ìyèré wá. Ẹran àgùntàn tí wọ́n rọra sè ni wọ́n ń fi jẹ lọ́hùn-ún, tiwa náà, ẹ sun ẹran ewúrẹ́, iyọ̀ àti àlùbọ́sà, kí ata má pọ̀. Èyí témi fẹ́ràn jù ni wàrà díndín: lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gé e wẹ́wẹ́, mo dín in títí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ fi pọ́n, mo jẹ ẹyọ kan mo mu wáìnì lé e, gbogbo fífa tó ń fa ahọ́n ló pòórá, adùn èso nìkan ló kù. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì náà á bá a lọ tẹ́ ẹ bá dín ata kù. Ẹ fi ẹja sílẹ̀ o, wáìnì pupa àti ẹja máa ń jẹ́ kí ẹnu dà bí ẹni lá irin.

Ti kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló dùn mí jù. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí, ooru ló ń ba wáìnì jẹ́. Àwọn tó ní ká má fi wáìnì pupa sí fíríìjì, ilé tó tutù ni wọ́n ń sọ, bíi dígíríì 16 sí 18, pálọ̀ wa lóṣù Kẹta á sì kọjá 30. Ẹ fi sí fíríìjì títí á fi tutù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó mu ún, tí ò bá sí iná, ẹ fi sínú omi àti yìnyín fún ìṣẹ́jú 15.

Ìbéèrè: Àwọn àna mi ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn kì í jẹ oúnjẹ tí ò ta. Wáìnì pupa wo ni kí n rà? – Ọkọ Ìyàwó Tuntun, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn: Ẹ wá Beaujolais. Àríwá ìlú Lyon ní Faransé ló ti ń wá, àjàrà Gamay ni wọ́n ń fi ṣe é, táníìnì ẹ̀ kéré, torí náà kò ní bá ata jà bíi ti Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, bíi dígíríì 13. Èyí tí wọ́n bá kọ Nouveau, ìyẹn tuntun, sí, ẹ wo ọdún ara ẹ̀, Tọ́sìdeè kẹta oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń gbé e jáde lọ́dọọdún, kì í ṣe wáìnì àfipamọ́. Tó bá ṣẹ́kù, ẹ dé e padà, ẹ fi sí fíríìjì, á ṣì dùn fún ọjọ́ 3.