Ẹ Bi Bàbá Jórin: Róbọ́ọ̀tì fẹ́ gba ìbọn wẹ́dì lọ́wọ́ mi

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo ń jórin ní ilé iṣẹ́ kan ní West Midlands, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kọ̀ntẹ́nà onírin ńlá tí wọ́n máa ń gbé síwájú ilé láti kó pàǹtí sí, èyí tí wọ́n ń pè ní skip, la ń ṣe. Wọ́n ní lóṣù tó ń bọ̀ àwọn máa gbé cobot wá, ìyẹn róbọ́ọ̀tì tí wọn kì í ṣe ọgbà yí ká, tó máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa jórin. Máníjà wa ní kò léwu rárá, pé tó bá ti kan èèyàn, á dúró. Ṣé òótọ́ ni? Àbí kí n ti máa wáṣẹ́ mìíràn? (Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń jórin)*

Àbúrò mi, má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ máníjà yín ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ló bí mi nínú.

Lóòótọ́ ni apá róbọ́ọ̀tì yẹn máa ń dúró tó bá kan èèyàn. Nítorí kí ẹ̀rọ àti èèyàn lè jọ ṣiṣẹ́ ni ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà, Edward Colgate àti Michael Peshkin, ṣe gbé irú rẹ̀ jáde lọ́dún 1996. Ilé iṣẹ́ Universal Robots ní ìlú Odense, ní Denmark, ta àkọ́kọ́ tiwọn lọ́dún 2008. Nígbà tó di 2016, ìwé ìlànà ISO/TS 15066 là á kalẹ̀ bí agbára tí apá náà lè fi kan orí, àyà tàbí ọwọ́ èèyàn ṣe gbọ́dọ̀ mọ.

Apá nìyẹn o. Ìbọn wẹ́dì tí wọ́n so mọ́ ọn, èyí tí wáyà àti iná ìjórin ń gba ẹnu rẹ̀ jáde, ńkọ́? Wáyà tó yọ ṣóńṣó lẹ́nu ìbọn lè gún ojú kí apá tó mọ̀ pé òun kan nǹkan. Iná rẹ̀ ń ba ojú jẹ́, irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ èèyàn ló jó òun. Béèrè ìwé àyẹ̀wò ewu kí wọ́n tó tan án, kó o sì wò ó bóyá ìbọn àti irin wà níbẹ̀, kì í ṣe apá nìkan. Béèrè aṣọ ìkélé tó ń dínà ìmọ́lẹ̀ wẹ́dì, àti ibi tí bọ́tìnì pupa tó ń dá ẹ̀rọ dúró lójijì máa wà.

Má sì gbàgbé èéfín. Ní February 2019, HSE, àjọ tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé ẹni tó bá ń jórin nínú ilé, ì báà jẹ́ irin lásán, gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fa èéfín, torí ó ti hàn pé èéfín náà lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Fèrèsé ṣíṣí kò tó. Ìwọ máa ń ṣí ìbòjú, o máa ń mu tíì. Cobot kì í mu tíì, èéfín rẹ̀ kì í sinmi. Ẹni tó rówó ra róbọ́ọ̀tì rówó ra ẹ̀rọ afaèéfín.

Ó kan ti iṣẹ́ rẹ. Cobot ò lè gbé skip. UR20, ọ̀kan lára cobot Universal Robots, kílò 20 ni wọ́n ṣe é fún láti gbé nígbà tó jáde, ọwọ́ rẹ̀ sì nà tó mítà kan àti mẹ́ta nínú mẹ́rin. Skip wúwo ju ìyẹn lọ fíìfíì, nítorí náà kíréènì àti fọ́kílíìfù ló máa gbé e, èèyàn ló sì máa so ó kọ́. Tí ojú ìjórin bá gùn, ẹnì kan ló máa sún apá náà síwájú.

Níbi tí wọ́n ti gé irin láìdáa, tí àlàfo wà, ọwọ́ rẹ máa ń dẹ̀, wàá sì máa dí i díẹ̀díẹ̀. Cobot tí kò ní ẹ̀rọ tó fi ń wá ojú ìjórin máa gba ibi tí a fi hàn án lọ, bí ọmọdé tí a rán níṣẹ́, á dá irin lu, á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Tí wáyà yín bá jẹ́ mìlímítà kan, àlàfo tó tó ìdajì rẹ̀ ti ń di wàhálà. Ẹni tó mọ bí a ti ń to irin pọ̀ kó ṣe rẹ́gí, òun ni ilé iṣẹ́ máa nílò jù.

Sọ pé ìwọ lo fẹ́ máa kọ́ ọ níṣẹ́. Ọwọ́ lo máa fi fa apá náà síbi tí iná ti máa bẹ̀rẹ̀, wàá tẹ bọ́tìnì, wàá fà á síbi tó máa parí, wàá tún tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń fi etí mọ wẹ́dì tó dáa máa ń tètè mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n sanwó ẹ̀kọ́ náà, kí owó oṣù tuntun sì wà lórí ìwé. Etí irin tí ṣéènì lọ́rì fi ń gbé skip ńkọ́? Bó ti wù kí róbọ́ọ̀tì jó o dáa tó, fi ojú ara rẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

*Bàbá, ọkọ mi ń ṣe táńkì dísù n'Íbàdàn. Ó fẹ́ yáwó ra cobot kan tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ni mo lè sọ fún un? (Ìyá Ìbejì)*

Ẹ ní kó fara balẹ̀, Ìyá Ìbejì. Iná NEPA kọ́ ni ìṣòro ibẹ̀, iná ilé lásán lè gbé apá náà. Ohun tó ń mówó róbọ́ọ̀tì wọlé ni iṣẹ́ kan náà láṣetúnṣe, àti irin tí wọ́n gé dọ́gba. Tó bá jẹ́ gáàsì àti ẹ̀rọ ìlọrin ọlọ́wọ́ ló ṣì fi ń gé irin, ẹ̀rọ ìgérin ni kó kọ́kọ́ rà, kó sì ṣe férémù tó máa di irin mú sójú kan. Kí ẹ tó gbà á láyè, ẹ bá mi bi í: lọ́dún tó kọjá, táńkì mélòó ló ṣe tí wọ́n jọra wọn?