Ìbọn àtijọ́ orí àjà: ẹ má tíì fi sáńpépà kàn án

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Nígbà tí a ń ṣí páànù ilé bàbá bàbá mi, a bá ìbọn gígùn kan lórí àjà ilé ìdáná. Irin rẹ̀ ti dípẹtà, wọ́n sì ti fi wáyà di igi ìdí rẹ̀ nígbà kan. Àwọn àgbà ní ìbọn ogun Ìmàgbọn, tí Ìjẹ̀bú bá Gẹ̀ẹ́sì jà, ni. Mo fẹ́ fi sáńpépà ha á kó dán, kí n kun igi rẹ̀ ní fánísì, kí alágbẹ̀dẹ sì tún un ṣe ká lè yìn ín lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ gbé sáńpépà sílẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìbọn ilé ni wọ́n gbé kọ́ pẹ̀lú ohun tí wọ́n kì sí i, ẹ̀tù dúdú tí kò sì rí omi ṣì lè gbaná lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ dojú ẹnu ìbọn kọ ibi tí kò séèyàn, ẹ lé àwọn ọmọdé jáde, ẹ má fọwọ́ kan òòlù rẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣakabùlà tí wọ́n ń ki láti ẹnu, ẹ wá ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ rọra tì í wọlé títí yóò fi kanlẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Ẹ fà á yọ, ẹ wá tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn níta, kí àmì náà tún bá ẹnu rẹ̀ dọ́gba. Bí orí ọ̀pá bá dé ibi ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé, ó ṣófo. Bó bá ku ìka mẹ́ta mẹ́rin kó débẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ má lu ú, ẹ má gbé e súnmọ́ iná alágbẹ̀dẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ pe ọlọ́pàá.

Bó bá ní ìdérí kékeré lẹ́yìn tó ń ṣí sápá ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Snider, ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn. Ọdún 1866 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ìbọn Enfield tí wọ́n ń ki láti ẹnu ni wọ́n sì kọ́kọ́ tún ṣe di Snider. Nígbà tí ìbọn tuntun wọn, Martini-Henry, dé lọ́dún 1871, Snider di ohun títà, ó sì wọ Èkó. Ó ti wà lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀bú nígbà tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott kó ogun Gẹ̀ẹ́sì dé Ìmàgbọn ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè dúró níwájú Maxim, ìbọn arọ̀jò-ọta àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yín lè jóòótọ́. Ara irin ni kí ẹ ti wá ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí òòlù wà: adé pẹ̀lú TOWER àti ọdún sábà ń tọ́ka sí iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ELG nínú òbìrí tó gùn díẹ̀, iṣẹ́ ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù ni. Àmì wọ̀nyí kò jinlẹ̀ rárá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni sáńpépà fi máa pa wọ́n rẹ́. Ìyẹn ni mo ṣe ń pariwo.

Ti òfin ńkọ́? Òfin ìbọn ilẹ̀ yìí kò mọ ogún bàbá ẹnì kan. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ìbọn ológun láìsí àṣẹ Ààrẹ, ó sì dárúkọ ìwọ̀n ihò ẹnu ìbọn 7.62mm, 9mm àti ìǹṣì .300. Ti Snider tóbi jù wọ́n lọ, ìǹṣì .577 ni, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn bá ọlọ́pàá jiyàn lójú pópó. Ṣakabùlà pàápàá gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ mú lọ́yà dání lọ fi tó ọlọ́pàá létí. Kí ìbọn fúnra rẹ̀ dúró sílé. Ẹ tún lè bi àwọn ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta.

Yíyìn ín l'Ójúde Ọba kò sí níbẹ̀ rárá. Irin tí ìpẹtà ti jẹ láti inú lè fọ́ mọ́ ẹni tó dì í mú lọ́wọ́, kò sì sí bí alágbẹ̀dẹ ṣe lè fojú rí inú rẹ̀.

Bó bá ti dájú pé ó ṣófo, tí ọ̀rọ̀ ìwé sì ti yanjú, ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ìpẹtà pupa tó ń bọ́ bí ìyẹ̀fun nìkan ni kí ẹ mú kúrò. Ẹ kán òróró ẹ̀rọ sí i, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ẹ wá fi ègé ọparun ha á díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá le, ẹ lo kànrìnkànrìn irin tí wọ́n kọ 0000 sára páálí rẹ̀, pẹ̀lú òróró. Àwọ̀ dúdú tó tẹ́jú ń dáàbò bo irin, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má lo ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí omi bátìrì, nítorí irin á tún dípẹtà kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Wáyà tí wọ́n fi dì í wà lára ìtàn rẹ̀, ẹ má tú u. Bí ẹ bá rí ohun tó jọ ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ tàbí ìyẹ́, ẹ bi àwọn àgbà ilé kí ẹ tó nù ún. Ó lè jẹ́ ti Ògún. (Èéfín ilé ìdáná ni mo rò pé ó gba igi náà lọ́wọ́ ikán, ẹ kú oríire.) Fánísì kọ́ ni igi yẹn ń fẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku rẹ̀, kí ẹ kán epo lìnsíìdì sórí aṣọ, ẹ fi pa á fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò. Ẹ má fi í ti ògiri sìmẹ́ńtì lásìkò òjò, ẹ má sì fi awọ wé e, nítorí awọ máa ń fa ọ̀rinrin sára irin. Aṣọ tí ẹ fi nu epo lìnsíìdì, ẹ má ṣù ú jọ sínú garawa: ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ síta títí yóò fi gbẹ tàbí kí ẹ rì í sómi.