Ṣé kí n ra kọ́bọ́ọ̀dù bíi ti Leibniz?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìtàn ẹbí wa sílẹ̀, lórí ohunkóhun tí ọwọ́ mi bá bà: ẹ̀yìn káàdì ìgbéyàwó, ìwé àlòkù àwọn ọmọ. Ní báyìí, bí mo bá ń wá nǹkan kan níbẹ̀, n kì í rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ṣe bíi Leibniz, ará Jámánì tó ń tọ́jú ìwé láàfin láyé àtijọ́, pé ṣe ló máa ń gé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, tí á kó o sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣé kí n ra kọ́bọ́ọ̀dù ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Ẹni tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wò kọ́ṣe yẹn, ìwé tirẹ̀ gan-an ló máa ń sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọdún 1646 ni wọ́n bí Gottfried Wilhelm Leibniz ní Leipzig. Ní ìparí 1676 ló dé Hannover, tó di olùtọ́jú ìwé àti olùdámọ̀ràn fún Díúkù Johann Friedrich, tó ń jọba níbẹ̀. Olùtọ́jú ìwé lorúkọ iṣẹ́, àmọ́ kí lẹ ò ní bá lọ́wọ́ ẹ̀? Ó ń ṣe òfin, ó ń ṣe ìṣirò, ó tún ń wá bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe máa fa omi kúrò nínú kòtò ìwakùsà fàdákà ní òkè Harz.

Lọ́dún 1685, irú iṣẹ́ tiyín yìí náà ni wọ́n gbé fún un: kó kọ ìtàn ìdílé tó ń jọba. Láti 1687 sí 1690 ló fi rìn káàkiri Jámánì, Austria àti Ítálì, tó ń tú ìwé àtijọ́ wò. Nígbà tó fi máa kú ní 1716, ọdún 1005 ni ìtàn náà ṣì wà. Ọ̀rúndún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Á kọ ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi sójú ìwé ńlá kan, á wá gé e sí wẹ́wẹ́ kí kálukú lè lọ síbi tirẹ̀. Kí ó wá kọ àkọlé sórí wọn ni kò ráyè ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ráhùn pé ó máa ń yá òun láti tún nǹkan ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ju kí òun máa wá a kiri lọ. Nígbà tó kú, ààfin ti gbogbo ìwé rẹ̀ mọ́lé nítorí àṣírí ìjọba. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n fọ́n ká. Ó tó 200,000 ojú ìwé, ó wà ní Hannover. Títí dòní, àwọn tó ń tẹ̀ wọ́n jáde ṣì ń fi etí ìwé kan wé òmíràn kí wọ́n lè mọ èyí tó já kúrò lára èyí.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́ lára rẹ̀ wà ní ìlú Wolfenbüttel ní Jámánì, níbi tó tún ti di olùtọ́jú ìwé ní 1691. Díúkù August tó ni ìwé ibẹ̀ ti pín wọn sí ọ̀wọ́ 20 kó tó kú. Ó dára fún ẹni tó mọ ọ̀wọ́ tí ìwé wà. Ẹni tó jẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé nìkan ló mọ̀, ó di kó máa wá kiri. Leibniz ní kí àwọn akọ̀wé to orúkọ gbogbo òǹkọ̀wé ní ẹsẹẹsẹ a, b, d. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1699.

Ẹ̀yin náà, ẹ fi nọ́ńbà sí gbogbo ìwé yín bó ṣe wà, ì báà jẹ́ àjákù. Páálí bàtà ti tó láti kó wọn sí. Ẹ wá ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kẹ́ ẹ máa to orúkọ ènìyàn àti ìlú sínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé tó sọ nípa wọn. Ibi tó le fún wa ni pé ẹnìkan lè ní orúkọ àbísọ, oríkì àti oyè. Ẹ kọ gbogbo wọn. Níwájú oríkì àti oyè, ẹ kàn kọ ọ́ pé kí a lọ wo orúkọ àbísọ.

Ẹ má sì gé nǹkankan o. Káàdì ìgbéyàwó yẹn ní déètì níwájú, ó sì lè jẹ́ òun nìkan ló máa sọ ìgbà tẹ́ ẹ kọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.