Wọ́n ní àwọn ni Microsoft, wọ́n sì ti wọ kọ̀ǹpútà Màmá: kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Peckham, wọ́n ti lé lẹ́ni ọdún 70. Nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé, ọkùnrin kan pè wọ́n lórí fóònù ilé, ó ní láti Microsoft lòun ti ń pè, pé fáírọ́ọ̀sì ti kún inú kọ̀ǹpútà wọn. Ó ní kí wọ́n gbé AnyDesk sórí ẹ̀, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kéèyàn máa darí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì láti ọ̀nà jíjìn, ó wọlé, ó sì ń fi àwọn àmì pupa kan hàn wọ́n. Kí n tó dé, wọ́n ti fi £299 ránṣẹ́ látinú àkáǹtì wọn. Ó ní òun á tún pè lọ́la. Ṣé kí n ra antivirus ni, àbí kí n kúkú ju kọ̀ǹpútà náà nù? Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí Màmá kú ewu. Ẹ má ra antivirus, ẹ má sì ju nǹkan kan nù. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyẹn: wọ́n á máa wá fáírọ́ọ̀sì kiri nígbà tójú olè ṣì wà lára báńkì. Kọ̀ǹpútà lè dúró di Sátidé. Owó ò lè dúró.

Ẹ pa Wi-Fi, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà. Ẹ wá mú fóònù ọwọ́ tiyín, kí Màmá jókòó tì yín, torí àwọn ni wọ́n ni àkáǹtì, kí ẹ sì tẹ 159. Ọ̀pọ̀ báńkì Ìlú Ọba ló ń lo nọ́ńbà yẹn láti 2021. Yóò so yín mọ́ báńkì tiyín gan-an. 159 kì í pe èèyàn o. Ẹni tó bá pè yín tó ní ibẹ̀ lòun ti ń pè, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ sọ fún báńkì pé wọ́n fi AnyDesk wọlé, kí wọ́n lè ti ojú ọ̀nà orí íntánẹ́ẹ̀tì pa, kí wọ́n sì pààrọ̀ káàdì.

Lórí £299 yẹn, tó bá jẹ́ pé láti àkáǹtì sí àkáǹtì nínú UK ló lọ, ìrètí wà. Láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 2024, òfin ti sọ ọ́ di dandan fún báńkì láti dá owó padà fún ẹni tí wọ́n fi jìbìtì tàn fowó ránṣẹ́, títí dé £85,000, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5 lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n lè yọ tó £100 nínú ẹ̀, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ yọ ọ́ tó bá jẹ́ pé ipò tí ẹni náà wà ló jẹ́ kí wọ́n rí i tàn jẹ. Ẹ bi wọ́n léèrè ìyẹn, ẹ má dúró kí wọ́n rántí fúnra wọn. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà káàdì ni Màmá kà fún un, chargeback ni kí ẹ béèrè, ìyẹn ni kí báńkì gba owó náà padà lọ́wọ́ ẹni tó fi káàdì gbà á. Lẹ́yìn náà kí ẹ fẹjọ́ sun Report Fraud, tá a mọ̀ sí Action Fraud tẹ́lẹ̀, lórí 0300 123 2040.

Pásíwọ́ọ̀dù ńkọ́? Ẹ fi fóònù tiyín pààrọ̀ ẹ̀, ti ímeèlì ni kó ṣáájú, torí ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ìyókù ń gbà kọjá.

Ìpè ọ̀la yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Ohùn ẹ̀ á ti yàtọ̀. Á ní iléeṣẹ́ ti fẹ́ dá £299 padà, kí Màmá ṣí àkáǹtì wọn. Lẹ́yìn náà lojú kọ̀ǹpútà á ṣú dùdù, á sì gbówó látinú àkáǹtì ìfowópamọ́ wọn sínú èyí tí wọ́n ń ná, tàbí kó tún iye tó wà lójú ewé náà kọ. Nígbà tójú bá mọ́, Màmá á rí £3,000 níbi tó yẹ kó jẹ́ £300. Ọ̀gbẹ́ni á bú sẹ́kún pé wọ́n á lé òun níṣẹ́, pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi gift card dá ìyókù padà. Kò sí kọ́bọ̀ tó wọlé rárá. Owó Màmá fúnra wọn ni. Nítorí náà, tó bá ti pè, ẹ gbé fóònù kalẹ̀. Ẹ má bá a jà, ẹ má sì ṣe é ní yẹ̀yẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe lórí YouTube. Nọ́ńbà ilé yín wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Àmì pupa yẹn ńkọ́? Event Viewer ni, ìwé àkọsílẹ̀ tí Windows ń kọ fúnra ẹ̀. Prínńtà kọ̀ tí ò dáhùn, ó kọ ọ́. Wi-Fi já, ó kọ ọ́. Ó wà nínú èyí tí mo fi ń dá yín lóhùn yìí náà, ó sì pupa kanlẹ̀. Ẹ bi Màmá bóyá ó tún ka nọ́ńbà gígùn kan fún wọn, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 888DCA60, pé ìdánimọ̀ kọ̀ǹpútà wọn nìyẹn, àwọn Microsoft nìkan ló mọ̀ ọ́n. Àwọn tó kàwé dáadáa gan-an ń subú síbẹ̀. Ẹ gbé laptop Windows tiyín ka iwájú wọn, ẹ ṣí Command Prompt, ojú ewé dúdú tá a máa ń tẹ àṣẹ sí, ẹ tẹ assoc, kí ẹ tẹ Enter. Lápá ìsàlẹ̀, ẹ máa rí ZFSendToTarget, nọ́ńbà yẹn kan náà á sì wà níwájú ẹ̀, torí ọ̀kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo Windows láyé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ó dáa ju kẹ́ ẹ máa bá wọn wí lọ, torí tí ìtìjú bá mú wọn, wọn ò ní sọ fún yín tẹ́lòmíì bá pè.

Microsoft kì í ṣàdédé pe ẹnikẹ́ni nítorí fáírọ́ọ̀sì, kì í sì í kọ nọ́ńbà fóònù sínú ìkìlọ̀ tó ń yọ lójú kọ̀ǹpútà. Tí irú ẹ̀ bá yọ pẹ̀lú ariwo, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc lẹ́ẹ̀kan náà, Task Manager á ṣí, ibi tí orúkọ àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ wà. Ẹ mú browser tẹ́ ẹ fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ẹ tẹ End task. Ẹ má sì gba nọ́ńbà tó hàn lójú fóònù gbọ́, wọ́n lè fi tẹlòmíì bojú.

Tó bá di Sátidé, ẹ da àwòrán àti ìwé Màmá sórí USB, kí ẹ lo Reset this PC, tó ń nu kọ̀ǹpútà kó lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kí ẹ yan Remove everything. Àwọn kan á ní kéèyàn yọ AnyDesk kúrò ti tó. AnyDesk fúnra ẹ̀ ò burú, mo ń fi ṣiṣẹ́, àmọ́ n ò ní gbà kí ìyá mi fi kọ̀ǹpútà tí àjèjì ti dá wà nínú ẹ̀ wọ báńkì. Ohunkóhun tórúkọ ẹ̀ bá parí sí .exe, ètò ni, kì í ṣe àwòrán tàbí ìwé, ẹ má kó o mọ́ àwòrán.