Kí ọ̀rẹ́ méjì tó fẹsẹ̀ rìn láti Sábẹ̀ẹ́ dé Àrígbó

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín tímọ́tímọ́ lè fẹsẹ̀ rìn láti Sábẹ̀ẹ́ dé ihò àdúrà Màríà, Ìyá wa ti Àrígbó, ní Ìdáàṣà nílẹ̀ Benin nínú oṣù kẹjọ, àti iye ọjọ́ tí yóò gbà yín: ẹ lè rìn ín. Ọ̀nà náà lé ní 50 kìlómítà, ìlú Glazoué ló gbà kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ pín in sí. Ẹni tó bá fi ọjọ́ méjì sáré rìn ín á kàn wọ́ ẹsẹ̀ dé iwájú Màríà ni, ìrora kò sì ní jẹ́ kó ráyè gba àdúrà tó torí ẹ̀ kúrò nílé.

Kì í ṣe jíjìn ọ̀nà ló ń dá ìjà sáàárín ọ̀rẹ́, ìrìn tí kò bára mu ni. Ẹni tó yára á ṣáájú, ẹnì kejì á máa na ẹsẹ̀ ju bó ti yẹ lọ kó lè bá a, kó tó di ọ̀sán ojúgun rẹ̀ á ti máa ro ó. Torí náà, ẹni tí kò yára ni kó máa ṣáájú láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kìlómítà mẹ́rin ní wákàtí kan ti tó.

Wákàtí kan bá ti pé, ẹ sinmi ìṣẹ́jú 10, kí ẹ̀yin méjèèjì bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ yẹ ẹsẹ̀ ara yín wò. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹnì kan bá sọ pé ó ń dun òun. Ọ̀rẹ́ kì í fẹ́ dá ọ̀rẹ́ dúró: á ní kò sí nǹkan kan, gìgísẹ̀ rẹ̀ á sì ti pọ́n. Ibi tó bá pọ́n, tó ń gbóná, ẹ lẹ plástà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Bó bá ti di ìléròrò, ẹ fi sípíríìtì nu abẹ́rẹ́, ẹ gún un létí nísàlẹ̀, ẹ rọra tẹ omi rẹ̀ jáde. Ẹ má ṣí awọ orí rẹ̀ o, òun ló ń bo ojú egbò. Ẹ fi báńdéèjì tó mọ́ bò ó.

Òrí ló dára jù láti fi pa àárín ọmọ ìka àti itan kí ẹ tó wọ bàtà láàárọ̀. Bàtà tí ẹ ti wọ̀ fún oṣù kan ó kéré tán ni kí ẹ wọ̀, kó sì fi díẹ̀ tóbi jù yín, torí ẹsẹ̀ máa ń wú bí ọ̀sán bá ṣe ń pọ́n. Ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì: èyí tó bá tutù, ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn àpò kó gbẹ. Kí ẹrù ẹnì kọ̀ọ̀kan má ju kìló mẹ́fà lọ.

Omi lítà méjì ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé kúrò níbùdó, ìyẹn ọ̀rá mẹ́rin tó jẹ́ ìdajì lítà. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òógùn sì pọ̀, omi lásán kò tó. Ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí kò ga lórí, mọ́ omi lítà kan.

Ojú ọ̀nà gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọkọ̀ ńlá tó ń lọ Parakou ń sáré níbẹ̀, koríko oṣù kẹjọ sì ga débi etí títì. Apá ọ̀tún ni mọ́tò ń gbà nílẹ̀ wa, nítorí náà apá òsì ni kí ẹ gbà, kí ẹ lè máa rí ojú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ tò tẹ̀léra, pàápàá lórí afárá odò Ouémé. Ẹ má rìn kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ sì ti wá ibi sùn kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́rú ni ọjà Glazoué. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ tí ẹ máa sùn níbẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èrò á ti kún.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fẹnu kò lórí owó. Ẹ dá iye kan náà sínú àpò kan, kí ẹnì kan mú un lọ́wọ́, kí ẹnì kejì máa kọ ìnáwó. Owó zẹ́míjàn (ọ̀kadà) tí á gbé ẹnì kọ̀ọ̀kan dé ilé ìwòsàn, inú ìbọ̀sẹ̀ kejì ni kó wà, ẹ má fi ra oúnjẹ.

Bí ẹnì kan kò bá lè rìn mọ́ ńkọ́? Ilé ni kí ẹ ti dáhùn ìyẹn, kì í ṣe lórí títì. Ohun tí mo gbà ni pé kí ẹ jọ wọ ọkọ̀ dé Ìdáàṣà. Àyàfi bí ẹ bá bá ẹgbẹ́ arìnrìnàjò mímọ́ pàdé tó lè gba ẹnì kejì sáàárín wọn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá rìn.

Ní Ìdáàṣà, ẹ ó tò fún ìgbà pípẹ́ kí ẹ tó dé iwájú ihò. Ẹ bọ́ bàtà ìrìn, ẹ wọ sálúbàtà, kí ẹ sì gbé omi dání.